Terraform, OpenTofu, CloudFormation, Pulumi àbí Ansible: èwo ni ká mú ní ilẹ̀ Okun?

Okun o, ẹ̀yin ọmọ ilé. Àwọn tó ń kọ kóòdù láàárín wa ń pọ̀ sí i, láti Kàbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrá dé Ẹ̀gbẹ̀. Bí iṣẹ́ wọn bá ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà ara wọn tó bọ́ sórí cloud (ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ńlá tí à ń yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: irinṣẹ́ wo ni kí àwọn fi máa kọ ètò sáfà (server) sílẹ̀ bíi kóòdù, kí àwọn yé fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnì kiri ojú-ewé AWS, cloud ti Amazon?

Orí èdè ni ọ̀pọ̀ ìfiwéra tí mo ti kà máa ń dá lé. Wọ́n á ní HCL rọrùn, Python wuyì, YAML gùn jù. Èdè ṣe pàtàkì lóòótọ́, àmọ́ ibi tí à ń gbé ni iná ti lè lọ nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì, ibẹ̀ náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá tó ń lọ. Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ irinṣẹ́ ni pé: ta ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí a ti kọ́, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí àkọsílẹ̀ yẹn bí kọ̀ǹpútà mi bá kú lójijì? Lórí ìbéèrè méjì yìí ni mo gbé ìfiwéra yìí kà.

## Ohun tí wọ́n ń pè ní state

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé: ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹ fẹ́ sáfà méjì, dátábéèsì kan àti ibi tí àwòrán máa wà. Irinṣẹ́ yín á lọ bá AWS, Azure tàbí Google, á sì ní kí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ máa rántí pé sáfà tí ẹ pè ní "ojúlé" nínú fáìlì yín ni èyí tí AWS fún ní nọ́ńbà gígùn kan báyìí. Ìrántí yẹn ni state. Bí ìwé alájọ ló rí: owó gbogbo yín lè wà níbẹ̀ digbí, ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti sọnù, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó jẹ́ ti lágbájá mọ́.

Bí state bá sọnù, sáfà yín ò ní kú. Wọ́n á máa ṣiṣẹ́ lọ, AWS á sì máa gba owó wọn ní dọ́là. Irinṣẹ́ nìkan ni kò ní dá wọn mọ̀ mọ́, bí ẹ bá sì ní kó tún ṣiṣẹ́, ńṣe ló máa fẹ́ dá òmíràn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ owó ni èyí fún wa. Kí ìjọba tó tú iye náírà sílẹ̀ fún ọjà ní Oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Kí Oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,400. Sáfà kan tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé lè jẹ owó tí ẹ ò ní mọ̀ títí òpin oṣù.

## Terraform àti OpenTofu

Ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì. HashiCorp ló gbé Terraform jáde ní 2014, HCL sì ni èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Ní Oṣù Kẹjọ 2023, ilé-iṣẹ́ náà mú ìwé-àṣẹ MPL, tó fi kóòdù náà sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì fi BSL, tó le jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀. Èyí bí àwọn kan nínú, wọ́n mú kóòdù tó ti wà lábẹ́ àṣẹ àtijọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di OpenTofu lábẹ́ Linux Foundation. Ẹ̀dà 1.6 rẹ̀ jáde ní Oṣù Kìíní 2024. IBM ti ra HashiCorp ní tirẹ̀, ìrajà náà sì parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025.

Ẹ̀rù ìwé-àṣẹ yìí ń ba àwọn kan ju bó ṣe yẹ lọ. BSL ò ní kí ẹ má fi Terraform ṣètò sáfà ti ilé-iṣẹ́ yín. Ẹni tó bá fẹ́ fi Terraform ṣe ọjà tí yóò máa bá ti HashiCorp du oníbàárà ló ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Kàbà bá ń fi Terraform tọ́jú sáfà mẹ́ta, kò rú òfin kankan.

OpenTofu ni èmi fẹ́ràn nínú àwọn méjèèjì, ìdí rẹ̀ sì wà nínú state. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni state Terraform. Bí ẹ bá fi í dá dátábéèsì sílẹ̀, tí ẹ fún un ní pásíwọọ̀dù bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe, pásíwọọ̀dù yẹn á wà nínú fáìlì náà gbangba, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i á kà á. OpenTofu, láti ẹ̀dà 1.7 tó jáde ní 2024, lè fi kọ́kọ́rọ́ ti gbogbo fáìlì náà kó tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín. Terraform náà ti wá ọ̀nà tirẹ̀: láti ẹ̀dà 1.10 àti 1.11, ẹ lè sọ fún un pé kó má kọ àwọn nǹkan àṣírí kan sínú state rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ provider náà (ẹ̀ka irinṣẹ́ tó ń bá cloud kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀) gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i, ẹ̀yin náà sì gbọ́dọ̀ rántí lò ó lórí ohun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tọ́jú orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 sì mú, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn pé kó gbé ọ̀rọ̀ náà lé ìrántí. Ẹ ti gbogbo rẹ̀ pa.

Àwọn àṣẹ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà: ibi tí ẹ bá ti ń tẹ `terraform plan`, tó ń fi ohun tí irinṣẹ́ fẹ́ ṣe hàn kó tó ṣe é, ẹ tẹ `tofu plan`. Ohun tí ẹ bá kọ́ lára ọ̀kan ò ní ṣòfò lára èkejì. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kò sì ní pàdánù nǹkan kan, nítorí Terraform ni orúkọ tí àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń kọ.

Wàyí o, bí iná bá lọ ńkọ́? Ibi tí ìdílé yìí ti ń dun èèyàn nìyí. Orí kọ̀ǹpútà yín ni Terraform àti OpenTofu ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí AWS dá dátábéèsì sílẹ̀, èyí sì lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín, AWS ò mọ̀. Á parí iṣẹ́ tirẹ̀. Bí irinṣẹ́ ò bá rí ọ̀nà fi state ránṣẹ́ síbi tó yẹ, á kọ ọ́ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ `errored.tfstate` lórí kọ̀ǹpútà yín. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà, ẹ lè fi `state push` tì í lọ. Ẹ má pa fáìlì yẹn rẹ́ láé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé bátìrì ló kú, kọ̀ǹpútà sì pa, fáìlì yẹn gan-an lè má sí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá lọ wo ojú-ewé AWS láti mọ ohun tó wà níbẹ̀ tí state ò mọ̀. Àgádágodo tí irinṣẹ́ fi ti state kí ẹlòmíì má baà fọwọ́ kàn án á ṣì wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi fi `force-unlock` ṣí i.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì wọ́nwó. Ẹ má fi state sílẹ̀ sínú fódà orí kọ̀ǹpútà bó ṣe máa ń wà bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. Ẹ gbé e sínú S3, ibi ìpamọ́ fáìlì ti AWS, tàbí irú rẹ̀, kí ẹ sì ní kí S3 máa tọ́jú àwọn ẹ̀dà àtijọ́. Láti ẹ̀dà 1.10 àwọn méjèèjì, `use_lockfile` ti ń jẹ́ kí àgádágodo wà nínú S3 kan náà, láìsí DynamoDB, dátábéèsì AWS tí a máa ń so mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi `plan` sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ilé, kí `apply`, àṣẹ tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, máa ti orí GitHub Actions (ẹ̀rọ GitHub tó ń bá yín ṣe iṣẹ́) ṣiṣẹ́, tàbí orí sáfà kékeré kan tó wà lórí cloud fúnra rẹ̀, nínú tmux, tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ dúró bí ẹ bá já kúrò. Iná ilé yín lè wá lọ nígbà tó bá wù ú, iṣẹ́ á máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ dátà náà wà níbẹ̀. Provider AWS nìkan ju 100 MB lọ, iṣẹ́ tuntun kọ̀ọ̀kan sì máa ń fẹ́ wà á lulẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ ṣètò `plugin_cache_dir` lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ má baà máa ra dátà fún ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

## CloudFormation

Láti 2011 ni AWS ti ní èyí. Àwọn èèyàn máa ń bú u, wọ́n ní YAML rẹ̀ gùn bí ọ̀nà Lọ́kọ́jà, àti pé AWS nìkan ló mọ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, mo rò pé ó yẹ ní ọ̀wọ̀ ju èyí tó ń rí gbà lọ, pàápàá lọ́dọ̀ àwa tí iná ń dá lóró.

Ẹ fi ìwé ètò yín ránṣẹ́, ó parí. AWS fúnra rẹ̀ ló máa dá nǹkan sílẹ̀, òun ló ń tọ́jú state, ẹ ò sì ní fáìlì kankan tó lè sọnù. Ẹ lè pa kọ̀ǹpútà kí ẹ lọ sùn. Bí nǹkan kan bá kùnà láàárín, á dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ AWS nìkan lẹ̀ ń lò, wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí CloudFormation fúnra rẹ̀. Owó sáfà àti àwọn nǹkan tó bá dá sílẹ̀ nìkan lẹ máa san.

Àléébù rẹ̀: ìdápadà yẹn lè pẹ́, ó sì lè kùnà fúnra rẹ̀, tí ẹ ó sì máa wo `UPDATE_ROLLBACK_FAILED` lójú. Stack kan (gbogbo ohun tí ìwé ètò kan dá sílẹ̀) kò lè gbà ju ohun 500 lọ. Bí ẹnì kan bá sì fi ọwọ́ yí nǹkan padà lójú-ewé AWS, CloudFormation lè sọ fún yín bí ẹ bá bi í, àmọ́ kò ní fi í hàn yín fúnra rẹ̀ bí `plan` OpenTofu ṣe máa ń ṣe. Bí YAML bá ti sú yín, CDK wà láti 2019. Ẹ lè fi Python tàbí TypeScript kọ ètò náà, á sì sọ ọ́ di CloudFormation.

Ẹni tó wà lórí Azure ní Bicep, tó jọ ọ́ nínú èyí tó ṣe pàtàkì: Azure ló ń dá iṣẹ́ ṣe, kò sí fáìlì state lọ́wọ́ yín. Google náà ní Infrastructure Manager, tó ń bá yín lo Terraform lọ́hùn-ún lórí ẹ̀rọ tiwọn.

## Pulumi

Pulumi jáde síta ní 2018. Èdè kọ̀ǹpútà gidi ni ẹ fi ń kọ ọ́: Python, TypeScript, Go, C#, Java. Bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, orí Pulumi Cloud ni state ń wà, ẹnì kan ṣoṣo sì lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún lè ní kó wà nínú S3 tiyín. Ó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti àwọn nǹkan àṣírí nínú state láìjẹ́ pé ẹ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ pàtàkì kan, mo sì yìn ín fún ìyẹn. Bí iṣẹ́ bá já láàárín, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń dá nǹkan kan sílẹ̀ lọ́wọ́, á sì sọ fún yín nígbà tí ẹ bá padà dé. Ó sàn ju kéèyàn máa méfò.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ̀ ni ọgbọ́n àwa kóòdù-kóòdù. Nínú HCL, ibi tí èèyàn lè fi ọgbọ́n àrékérekè kọ nǹkan dé ní ààlà. Nínú Python, kò sí ààlà. Ọmọ tó gbọ́n jù nínú yín á kọ ètò kan tí òun nìkan lè kà, lẹ́yìn náà á rí iṣẹ́ sí Abuja tàbí Kánádà, ẹ̀yin tó kù lẹ ó sì máa wo ètò náà bí ẹni ń wo òkùnkùn. Bí ẹ bá ju mẹ́ta lọ, tí gbogbo yín ń kọ TypeScript lójoojúmọ́, ẹ mú Pulumi. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, ẹ fi í sílẹ̀.

## Ansible

Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fi í du ipò pẹ̀lú àwọn tó ṣáájú. Àwọn yẹn ń dá sáfà sílẹ̀. Ansible ń wọ inú sáfà láti tún un ṣe: fi Nginx, tó ń gbé ojú-ewé síta, sí i, ṣí ibi tó yẹ kó ṣí, dá àkáǹtì àwọn oníṣẹ́ sílẹ̀. 2012 ló jáde, Red Hat sì rà á ní 2015. SSH, ọ̀nà tí a ń gbà wọ sáfà láti òkèèrè, ló ń gbà wọlé, kò sì nílò kí ẹ fi nǹkan kan pàtàkì sínú sáfà ju Python lọ.

Kò ní state rárá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ tún playbook náà (fáìlì tí ẹ kọ iṣẹ́ sí) mú ṣiṣẹ́. Ohun tó bá ti wà bó ṣe yẹ, bí ẹ bá lo àwọn module rẹ̀ dáadáa, kò ní tún un ṣe. Àmọ́ àìní state yìí náà ní owó orí tirẹ̀. Bí ẹ bá yọ nǹkan kan kúrò nínú playbook, Ansible kò ní yọ ọ́ kúrò lórí sáfà, nítorí kò rántí pé òun ló fi í síbẹ̀. Àyàfi kí ẹ kọ ọ́ tààrà pé `state: absent`, ìyẹn kó má sí níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé kéèyàn máa fi Ansible dá sáfà àti dátábéèsì sílẹ̀ lórí cloud, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣe é.

Ohun kan wà nínú Ansible tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé-ìwé tàbí ilé ìwòsàn lágbègbè wa mọ̀: `ansible-pull`. Bí a ṣe mọ Ansible sí, ẹ̀yin lẹ máa ti ibi tí ẹ wà tì iṣẹ́ sínú sáfà. Pẹ̀lú `ansible-pull`, sáfà náà fúnra rẹ̀ ló máa lọ sórí Git, níbi tí ẹ ń tọ́jú kóòdù sí, á mú playbook tuntun, á sì ṣe é lára ara rẹ̀. Ẹ fi sínú cron, aago tó ń pe iṣẹ́ lákòókò, kó máa gbìyànjú ní wákàtí wákàtí. Ẹ ronú sí sáfà tó wà nínú yàrá kan ní Ìsánlú, tí sólà ń gbé, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í dúró ju òru lọ. Ẹ ò lè jókòó sí Kàbà kí ẹ máa ṣọ́ ìgbà tó máa wọlé. Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé lóru, sáfà á mú un fúnra rẹ̀.

## Crossplane àti Kubernetes

Ọ̀rọ̀ kékeré ni mo ní. Crossplane ń lo Kubernetes, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ sáfà pa pọ̀, láti máa ṣọ́ àwọn nǹkan orí cloud yín lọ́sàn-án àti lóru, bí ẹnì kan bá yí nǹkan padà, á dá a padà. Ó dára gan-an fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n Kubernetes gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo: EKS, Kubernetes ti AWS, ń gba $0.10 ní wákàtí kan fún orí cluster (ẹ̀ka tó ń darí gbogbo rẹ̀) nìkan, ìyẹn nǹkan bíi $73 lóṣù, kí ẹ tó fi sáfà kankan sí i. Ẹni tó ní sáfà mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ san owó yẹn nítorí pé orúkọ náà dùn lẹ́nu.

## Ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn

| Irinṣẹ́ | Ibi tí state wà | Bí kọ̀ǹpútà bá kú láàárín |
|---|---|---|
| Terraform | ibi tí ẹ bá fi í sí. Ọ̀rọ̀ lásán | àgádágodo lè há. Nǹkan kan lè bọ́ sílẹ̀ nínú state |
| OpenTofu | bákan náà, ẹ sì lè fi kọ́kọ́rọ́ tì í | bákan náà |
| CloudFormation | ọwọ́ AWS | kò sí ewu; AWS á parí rẹ̀ tàbí dá a padà |
| Pulumi | Pulumi Cloud tàbí S3 yín | ó rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ |
| Ansible | kò sí | ẹ tún un mú ṣiṣẹ́ |

## Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí oníṣòwò kan ní Kàbà, tó ní oníṣẹ́ kan, tó sì wà lórí AWS nìkan: CloudFormation. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ yẹn bá kúrò lọ́la, ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ á wọ AWS, á sì bá gbogbo àkọsílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ò ní máa wá kọ̀ǹpútà ẹni tó ti lọ. Ẹ̀ka AWS tó wà ní Èkó láti 2023 wúlò fún yín bí ẹ bá fẹ́ kí ojú-ewé yín yá lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà nílé, ẹ kàn mọ̀ pé abẹ́ Cape Town ló wà, Cape Town sì ni àṣẹ yín ń gbà kọjá. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já ní etí Abidjan ní Oṣù Kẹta 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì dojú rú káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ẹni tó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń dá ṣe é lọ́hùn-ún ló sàn fún jù.

Ilé-ìwé tàbí ilé ìwòsàn tó ní sáfà tirẹ̀ nínú ọgbà: Ansible pẹ̀lú `ansible-pull`. Bí wọ́n bá tún ní ibi ìpamọ́ ẹ̀dà dátà lórí cloud, OpenTofu á ṣètò ìyẹn.

Ọmọ wa tó jókòó sí Ẹ̀gbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó ní Jámánì: ohun tí ilé-iṣẹ́ náà bá ń lò ni ẹ ó lò, ó sì ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ Terraform. Fún iṣẹ́ ara yín, ẹ fi OpenTofu kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí `apply` máa ti orí CI (irú GitHub Actions) lọ. Bí ẹ bá ní oníbàárà lórí AWS àti òmíràn lórí Azure, ìdílé yìí tàbí Pulumi lè gbà yín lọ́wọ́ kíkọ́ èdè méjì.

Fún ẹni tó ti fi ọwọ́ dá sáfà rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má wó o kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Terraform láti ẹ̀dà 1.5, àti OpenTofu, ní `import` tí ẹ lè kọ sínú fáìlì, wọ́n sì lè bá yín kọ ètò ohun tó ti wà nílẹ̀ jáde. CloudFormation náà ní irinṣẹ́ tó ń wo inú àkáǹtì yín tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ohun tí kò léwu bẹ̀rẹ̀, kí dátábéèsì gbẹ̀yìn. Kí ẹ tó gbé dátábéèsì wọlé, ẹ lọ tan `deletion_protection`, tí kì í jẹ́ kí a pa á rẹ́, lórí AWS fúnra rẹ̀. Ẹ má gbára lé `prevent_destroy`, ààbò tí à ń kọ sínú fáìlì ètò, nìkan: bí ẹnì kan bá pa gbogbo abala náà rẹ́ kúrò nínú fáìlì, ààbò yẹn bá a lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú `plan` ṣiṣẹ́. Bí kò bá sọ pé `0 to add, 0 to change, 0 to destroy`, ètò tí ẹ kọ kò tíì bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Ẹ tún un ṣe títí yóò fi sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má sì tẹ `apply` ṣáájú ìgbà náà.